Èmi, Akínbọ̀dé àti Àga Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìṣirò

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé gíga, tí ẹ ń da ara yín láàmú lórí iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, àwọn òbí yín ní kí n sọ ìtàn iṣẹ́ tèmi fún yín. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ dùn. Bóyá ó dùn, bóyá kò dùn, ẹ máa gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi ni mo lò nílé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan níbí ní Onitsha. Mo ń kọ́ wọn ní ìṣirò, mo sì ń lé àga kan ṣoṣo, àga ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínbọ̀dé gbà á mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì jókòó lé e títí tí tìmùtìmù orí rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ṣì wà láyé. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi, ó sì máa ka ohun tí mo ń kọ yìí. Mo kí i o.

Sàfúrátù ni orúkọ mi. Ìwó ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Iweka Road ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi ti ń ta aṣọ. Mo ti ń fi Ìgbò bá àwọn ọmọ àdúgbò jà kí n tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò lọ́rọ̀ nínú: mo kàwé, mo yege, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń wọlé nígbà tó bá rántí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Yunifásítì kọ́ ló kọ́ mi níṣẹ́. Mazi Udeze ni, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò nígbà náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín àfi bí ẹlòmíràn bá ṣe àṣìṣe. Ní táàmù tí mo kọ́kọ́ dé, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀yìn kíláàsì ni mo jókòó sí láàárín àwọn ọmọ, èmi tí mo ní ìwé-ẹ̀rí, tí mo ń wo bó ṣe ń kọ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ́ wọn, Ìgbò ló fi ń bá mi wí. Ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá ròyìn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ni sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkójọ. Ó ní orí rẹ̀ ni gbogbo ìṣirò yòókù dúró lé. Sẹ́ẹ̀tì kò ju pé kí o kó àwọn nǹkan jọ, kí o sì ka gbogbo wọn sí ohun kan. Ìkòkò, ìgbálẹ̀ àti agbọ̀n: bí o bá ti kó wọn sójú kan lọ́kàn rẹ, sẹ́ẹ̀tì dé nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ni ọmọ inú rẹ̀. Ó rọrùn lójú. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀ tí Mazi Udeze fi jẹ wá níyà: ohun tó máa sọ ẹni tó wọlé àti ẹni tí kò wọlé gbọ́dọ̀ hàn kedere, tó fi jẹ́ pé ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá á dá ẹjọ́ kan náà.

Ọjọ́ tó gbé ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́, mo kọ ọ́ gàgàrà sára pátákó: sẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ tó gbọ́n nínú kíláàsì yìí. Mo gbọ́ tí àga dún lẹ́yìn. Mazi Udeze ti dìde.

“Nne, ìyá mi, ta ló máa dá a lẹ́jọ́ pé ọmọ kan gbọ́n?”

“Èmi ni, sà.”

“Bí o bá kú ńkọ́?”

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ọ̀gá ilé-ìwé á dá a, sà.”

“Ṣé òun gbọ́n?”

Mo yíjú sí fèrèsé: ọ̀gá ilé-ìwé ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀. Mazi Udeze gba ṣọ́ọ̀kì náà padà, ó fọwọ́ júwe ẹ̀yìn kíláàsì fún mi. Ibẹ̀ ni mo tún ti lo táàmù mìíràn.

Ohun tó ṣòro fún mi jù, torí ilé Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ mi, ni pé kò sí àgbà nínú sẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé àti ẹni tó wọlé kẹ́yìn, ọgbọọgba ni wọ́n. Kọ ìkòkò ṣáájú agbọ̀n, kọ agbọ̀n ṣáájú ìkòkò, sẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ńkọ́, sà?” Ó ní, “Kí wọ́n kúnlẹ̀ kí ara wọn tán lóde kí wọ́n tó wọlé.” Bẹ́ẹ̀ náà ni nǹkan kan kì í wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ kan kọ gàrí, ẹ̀pà, gàrí. Mazi Udeze pè é, “Ngozi, Ngozi,” ó wá bi í bóyá ó ti di méjì. Ọmọ náà ní rárá, sà. Mazi Udeze ní gàrí rẹ̀ náà kò tíì di méjì.

Ọjọ́ tó fẹ́ kọ́ wọn ní sẹ́ẹ̀tì òfìfo, ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ló gbé wá láti ilé. Ó ṣí i. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó ní sẹ́ẹ̀tì òfìfo nìyẹn: sẹ́ẹ̀tì gidi ni, ọmọ ni kò ní. Ó wá gbé ìkòkò náà sínú agbọ̀n, ó yíjú sí mi.

“Agbọ̀n yìí ńkọ́? Ṣé ó ṣófo?”

Ìkánjú mú mi, mo ní ó ṣófo.

“Ìkòkò wà nínú rẹ̀. Ìkòkò ló ṣófo, agbọ̀n kò ṣófo. Ẹni tó bá pè é ní òfìfo, kó gbé e rù.”

Ó sì gbé e rù mí. Mo ru agbọ̀n àti ìkòkò yí pápá ilé-ìwé ká níwájú àwọn ọmọ tí mo máa tó kọ́. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìkòkò irin ni ìkòkò náà.

Nígbà tí mo ti ń dá kíláàsì mú dáadáa, ìjọba àpapọ̀ gbé Akínbọ̀dé wá láti Ìkìrun. Inú mi dùn. Mo ní ará wa dé. Mo dín àkàrà, mo gbé e lọ kí i. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́, ó ní, “Àǹtí Sàfú, Yorùbá yín ti wọ́ díẹ̀ o. Ẹ ti di ará ibí pátápátá.” Lọ́jọ́ kejì, nínú yàrá àwọn olùkọ́, olùkọ́ kan tó jẹ́ Ìgbò ń pín ẹ̀pà, ó ní kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá Yorùbá wa. Láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n ti lé mi jáde nínú sẹ́ẹ̀tì méjèèjì, mo sì ṣì wà lórí àga mi, mo ń jẹ ẹ̀pà.

Mazi Udeze fẹ́ fẹ̀yìn tì, àga sì fẹ́ ṣófo. Akínbọ̀dé wá bá mi, ó ní òun kò fẹ́ ẹ, ó ní tèmi ni, ó ní òun máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ kí n fi ibí yìí kọ́ yín ní nǹkan kan. Ohunkóhun tí o bá sọ nípa àwọn ọmọ inú sẹ́ẹ̀tì òfìfo, òótọ́ ni, torí kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ tó máa jáde wá já ọ nírọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè gba èyí. Àpẹẹrẹ tí mo fi ń yé wọn nìyí: gbogbo ìlérí tí Akínbọ̀dé mú ṣẹ fún mi, wúrà ni wọ́n. Gbogbo wọn tún ń fò bí ẹyẹ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó mú ẹyọ kan wá tí kì í fò.

Wọ́n ní àwọn aláyẹ̀wò máa wá wo èmi àti Akínbọ̀dé bí a ṣe ń kọ́ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ́ jù ni wọ́n máa fún ní àga. Mo ṣètò ẹ̀kọ́ mi dáadáa. Mo fẹ́ fi okùn ńlá méjì ya nǹkan róbótó méjì sórí pápá, kí apá kan lára wọn gorí ara wọn. Inú okùn kìíní ni àwọn tí ìyá wọn ń tajà, inú ìkejì ni àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wá sílé-ìwé. Ẹni tó bá jẹ́ méjèèjì á dúró sáàárín níbi tí okùn méjèèjì ti pàdé. Ẹni tí kò jẹ́ ọ̀kankan á dúró síta. Òfin rẹ̀ hàn kedere. Kò sí ẹni tó máa bá ọmọ jiyàn lórí bóyá ìyá rẹ̀ ń tajà.

Ṣùgbọ́n Akínbọ̀dé ni wọ́n ní kó máa buwọ́ lu ètò ẹ̀kọ́ gbogbo wa ní táàmù yẹn. Ẹni tí a jọ ń du ẹran ni wọ́n fún ní ọ̀bẹ. Ó fi bírò pa okùn kìíní rẹ́.

“Èyí ti rọ̀ jù, Àǹtí Sàfú. Ẹ kọ nǹkan tó máa dùn mọ́ àwọn àlejò nínú. Ẹ kọ ‘Ọmọ Onitsha.’”

“Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé, ìyẹn kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi okùn yí ká níbí.”

“Kí ló le níbẹ̀? Ṣé Onitsha kọ́ la wà ni?”

Ó ní bí n kò bá kọ ọ́, òun kò ní buwọ́ lù ú. Mo kọ ọ́.

Ọmọ ìlú yìí kankan kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Àwọn ará Inland Town, níbi tí ààfin wà, gbà pé àwọn nìkan ni ọmọ Onitsha. Àwọn tí wọ́n bí sí Iweka Road, tí bàbá wọn ṣí wá láti ìlú Ìgbò mìíràn, gbà pé ibi tí wọ́n sin ìwọ́ àwọn sí ni ìlú àwọn. Àríyànjiyàn yìí ti wà kí bàbá mi tó dé. Inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, lẹ́yìn tí àlejò bá lọ. Akínbọ̀dé gbé e wá sórí pápá níwájú ìjọba.

Àwọn aláyẹ̀wò dé, obìnrin kan tó wọ awò ojú àti ọkùnrin sísanra kan tó wọ ṣòkòtò funfun. Òjò ti rọ̀ lánàá rẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ wọ inú okùn tó bá jẹ́ tiwọn. Ifeoma, ọmọ Inland Town, wọlé bí ẹni wọ yàrá ara rẹ̀. Chinwe, ọmọ Iweka Road, wọlé tẹ̀lé e.

“Chinwe, jáde,” Ifeoma wí. “Ogbunike ni bàbá ẹ ti wá. Padà sínú ihò òkúta ìlú yín.”

“Ṣé inú ihò ni wọ́n bí mi sí? Ilé ìwòsàn tí wọ́n bí ẹ sí náà ni wọ́n bí mi sí.”

“Onitsha náà ni wọ́n bí ewúrẹ́ wa sí.”

“Kó máa bọ̀ nígbà náà. Àyè wà.”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ka òfin sẹ́ẹ̀tì náà. Òfin wo? Aláyẹ̀wò obìnrin ní òun lè là á: ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ìlú ni ọmọ ìlú. Aláyẹ̀wò ọkùnrin bi í pé ta ló fi í jẹ ọba, nítorí Onitsha ni wọ́n bí òun náà sí. Ó sì wọ inú okùn. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, Madam Nwakaego, sáré wá láti pẹ̀tù sí i. Ó ní, “Ẹ dákẹ́ gbogbo yín. Inland Town ni ọkọ tèmi,” ó sì gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ifeoma tẹ orúnkún díẹ̀ fún un, ó ní, “Biko, ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ̀yin, aya ilé lẹ jẹ́. Ẹ dúró lórí okùn.”

Madam Nwakaego dúró lórí okùn. Mo rántí Mazi Udeze, tó máa ń sọ pé kò sí ẹni tó ń dúró lórí ìlà: o wọlé tàbí o kò wọlé.

Ìgbà náà ni Chinwe nawọ́ sí mi. “Àǹtí Sàfú ńkọ́? Níbí ni wọ́n bí wọn sí. Ìgbò wọn dára ju ti Ifeoma lọ.”

Gbogbo ojú yí sí mi. Ifeoma pàápàá rò ó. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ dúró síta, ṣùgbọ́n kí ẹ sún mọ́ wa.”

Akínbọ̀dé rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó fi Yorùbá sọ pé, “Okùn tiyín wà ní Ìwó.”

Mo ní, “Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.”

“Ọṣẹ dà? Wọ́n ní kí ẹ dúró síta.”

Kí n tó dá a lóhùn, àwọn ará ẹ̀yìn Chinwe ti di okùn mú, wọ́n ń fà á kó lè fẹ̀. Àwọn ará ẹ̀yìn Ifeoma ń fà á kó lè há. Madam Nwakaego, tó ṣì wà lórí rẹ̀, fò kúrò pẹ̀lú ọgbọ́n àgbà. Aláyẹ̀wò ọkùnrin kò fò. Okùn gbá a lẹ́sẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ pupa, ṣòkòtò funfun di ohun tí mi ò lè ṣàpèjúwe. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì wa sáré dé, ó wo gbogbo wa, ó ní, “Madam, na which kind mathematics be this?”

Èsì wọn ni pé mo ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Akínbọ̀dé kọ́ tirẹ̀ nínú yàrá, nǹkan nípa ìdá àti ìdajì, kò sí ẹni tó ṣubú. Wọ́n gbé àga fún un. Mo lọ bá Madam Nwakaego, mo ní ta ló ní kí n kọ “Ọmọ Onitsha”? Ó ní, “Sàfú, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ okùn nílé-ìwé yìí mọ́.” Ibi tí ẹjọ́ mi parí sí nìyẹn.

Akínbọ̀dé ṣe ọ̀gá títí tí ohun èlò fi yí padà lójú wa. Pátákó dúdú lọ, funfun dé, ẹfun ṣọ́ọ̀kì kúrò lórí wa, yíǹkì dé sí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára ògiri. Ó ya róbótó méjì sínú rẹ̀, pupa àti búlúù, ó dára gan-an, n kò purọ́ mọ́ ọn. Iná lọ. Ó ní, “Ẹ fara balẹ̀, wọ́n máa tó mú un dé.” Àwọn ọmọ fara balẹ̀ títí wọ́n fi sùn. Ní kíláàsì tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, abọ́ àti ìdérí ìgò la fi ń ṣe sẹ́ẹ̀tì, ariwo wa ló ń jí tirẹ̀. Ìgbà tí fóònù dé, ọmọ kan ní òun kò nílò mi mọ́, fóònù ti ya róbótó náà fún òun. Mo bi í pé ta ló máa pinnu ẹni tó ń wọ inú rẹ̀. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó jókòó. Àwọn ọmọ yìí ló sọ mí ní Màmá Sẹ́ẹ̀tì. N kò bínú sí ìyẹn.

Àwọn olùkọ́ ìṣirò tó kéré sí wa ń lọ ṣiṣẹ́ ní báńkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọba kò fi ẹnì kankan rọ́pò wọn. Nígbà tó yá, Akínbọ̀dé náà fẹ̀yìn tì, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀ níbi àpèjẹ ìdágbére títí ìrẹsì fi tutù. Ọ̀gá ilé-ìwé tuntun pè mí.

“Màmá, àga ti di tiyín.”

“Mo dúpẹ́. Àwọn wo ni mo ń ṣe ọ̀gá lé lórí?”

“Ẹ̀yin ni.”

Bí mo ṣe di ọ̀gá nìyẹn, lórí èmi nìkan. Ní ìṣirò kò burú: sẹ́ẹ̀tì tó ní ọmọ kan ṣoṣo, sẹ́ẹ̀tì ni. Àmọ́ bí ọ̀bẹ bá mú títí, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo fẹ́ bá ẹnì kan wí, n kò rí ẹni tí mo máa bá wí. Ọ̀gá ilé-ìwé sì tún ń béèrè ìpàdé olóṣooṣù.

“Ẹ̀ka yòókù ti ṣe tiwọn. Tiyín ńkọ́, Màmá?”

“A ti ṣe é.”

“Ta ló wá?”

“Gbogbo ọmọ ẹ̀ka.”

“Kò sí ẹni tó pẹ́ dé?”

“Ọ̀gá pẹ́ díẹ̀. A fojú fò ó.”

Ọdún tó kọjá ni èmi náà fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ka ìṣirò kò parẹ́ o. Ó wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ ni. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń bá wọn wo ìṣirò nígbà tó bá ráyè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Akínbọ̀dé ni, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ọsàn nínú ọ̀rá.

“Alhaja, ẹ kú ilé o.”

“Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé, ẹ káàbọ̀. Ta ló kú?”

“Kò sí ẹni tó kú. Ṣé èèyàn ò lè wá kí ará rẹ̀ ni?”

“Ará wo? Ẹ ní ará ibí ni mí.”

Ó jókòó láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó. Ó ní òun gbọ́ pé ilé-ìwé fẹ́ gba ẹni tó ti fẹ̀yìn tì padà fún ìgbà díẹ̀, kó lè mú ẹ̀ka ìṣirò dúró. Ó ní òun ti lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. “Wọ́n ní ẹnu yín làwọn ń wò.”

“Kí lẹ fẹ́ fi àga ṣe lọ́jọ́ orí yìí?”

Ó wo ilẹ̀. “Ilé sú mi, Alhaja. Ìyàwó mi ti ní kí n máa ṣa ẹ̀wà.”

“Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ṣà?”

“Wọ́n ní òkúta pọ̀ nínú tèmi.”

Mo jẹ ọsàn rẹ̀ kan. Ó dùn, ìyẹn tún bí mi nínú. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà láìṣèlérí kankan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, mo sọ tẹnu mi. Mo ní bí ọ̀dọ́ kan tó mọ ìṣirò bá yọjú kí táàmù tuntun tó bẹ̀rẹ̀, òun ni kí wọ́n gbà. Bí kò bá sí, kí wọ́n mú Akínbọ̀dé, torí ó mọ sẹ́ẹ̀tì ju àgbẹ̀ lọ, àwọn ọmọ náà kò sì ṣẹ̀ mí. Ó dùn mí láti sọ ọ́. Ẹnu mi korò títí di alẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, n kò ní tàn yín. Ẹ ò ní lówó níbẹ̀. Wọ́n á pè yín ní ará ibí, wọ́n á pè yín ní àlejò, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá wo abọ́ tó ṣófo tó sì rí i pé ohun kan ni, ojú rẹ̀ á yí padà níwájú yín, kò sì sí báńkì tó máa fi ìyẹn hàn yín. Bí ẹ bá máa wá, ẹ yára. Mo gbọ́ lánàá pé Akínbọ̀dé ti gbé kóòtù rẹ̀ fún alágbàfọ̀.